Bí o ṣe lè fi ìwé-ẹ̀rí agbára àti àyíká rí iṣẹ́ àkọ́kọ́

Lẹ́tà kan wà tí mo ti rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde, tí èmi náà sì kọ nígbà tèmi: "Mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ agbára àti àyíká, mo sì lè ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka yòówù tí ẹ bá fi mí sí." Odindi oṣù méje ni mo fi ń fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ káàkiri Èkó àti Ìbàdàn. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. N kò mọ ohun tó burú nínú rẹ̀ títí ọ̀gá kan fi gbà láti rí mi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó bi mí pé, "Tí mo bá gbà ọ́ síṣẹ́ lónìí, kí ni wàá ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé?" N kò rí nǹkan kan sọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. Ẹ̀kọ́ yìí kọ́ wa ní físíìsì díẹ̀, òfin díẹ̀, ètò ọrọ̀ ajé díẹ̀, àti ìmọ̀ omi, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́. Nílé ìwé, àpapọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń yìn wá. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, ẹni tó ń wá ẹnjiníà á ní a kì í ṣe ẹnjiníà. Ẹni tó ń wá onímọ̀ àyíká á ní ìdajì ohun tí a kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ owó. Iṣẹ́ wà fún wa, ó sì ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ náà kò sí lára ìwé-ẹ̀rí wa. Àwa fúnra wa la máa sọ ọ́ lórúkọ, ká tó wá fi nǹkan tí a ti ṣe hàn pé a kò purọ́.

Ẹni tó jáde ní irú ibi bíi CPEEL, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ètò ọrọ̀ ajé àti òfin agbára ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí tó ka ìmọ̀ àyíká ní Ifẹ̀, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Èkó tó sì fẹ́ wọ ẹ̀ka agbára, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Fi oṣù mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn ìpele mẹ́fà tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ohun tí o nílò kí o tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé èsì ẹ̀kọ́ rẹ tí orúkọ gbogbo kọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, àti próójẹ̀ẹ́tì tí o fi gboyè.
- Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí Excel wà lórí rẹ̀. Fi QGIS, tí wọ́n fi ń ya máàpù, kún un, ọ̀fẹ́ ni. PVGIS àti Global Solar Atlas, tí wọ́n ń sọ bí oòrùn ṣe ń ràn níbi gbogbo, ọ̀fẹ́ ni àwọn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.
- Mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti mọ iye iná tí ẹ̀rọ kan ń jẹ. Wọ́n ń tà á lọ́jà àwọn oníná. Tí owó kò bá tó, ẹ dá a rà, ẹ̀yin mẹ́ta.
- Òfin mẹ́ta, kí o ní wọn lórí fóònù rẹ, kí o sì kà wọ́n: òfin EIA (àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá máa ṣe sí àyíká) ti ọdún 1992, òfin ìyípadà ojú-ọjọ́ ti 2021, àti òfin iná mànàmáná ti 2023.
- Ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù, ilé búrẹ́dì, ilé-ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa jẹ́ kí o wọlé wá ka ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí mìíràn kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kúrò ni.

Ìpele 1: Tú ìwé èsì rẹ palẹ̀

Ya tábìlì onílà méjì. Kọ orúkọ kọ́ọ̀sì sí apá òsì. Ní apá ọ̀tún, kọ ohun tí ọwọ́ rẹ lè ṣe nítorí kọ́ọ̀sì yẹn, kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo lè". "Ètò ọrọ̀ ajé agbára" á di "mo lè ṣírò iye tí yúníìtì iná kan máa jẹ́ láti ara sólà, kí n sì fi wé ti jẹnẹrétọ̀." "Òfin àyíká" á di "mo lè ka ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ kan, kí n sọ èyí tó ti kọjá àsìkò." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ti tó fún un.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n á kọ "mo ní ìmọ̀ nípa." Ẹni tó ń sanwó oṣù kò lè fi "ìmọ̀ nípa" rán ọ níṣẹ́. Tí kọ́ọ̀sì kan kò bá ní "mo lè" kankan, fa ìlà sí i kó o máa lọ. Nínú kọ́ọ̀sì mẹ́rìnlá tèmi, márùn-ún péré ló ṣẹ́kù, ó sì dùn mí. Márùn-ún yẹn náà ni mo fi rí iṣẹ́.

*Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀kọ́ yìí ní apá ọ̀tún nìkan. Tó bá lè sọ irú ẹni tó yẹ kó gbà ọ́ síṣẹ́, tẹ̀ síwájú.

Ìpele 2: Yan ilẹ̀kùn kan

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta yìí, ọ̀nà kan ni kí o gbà. Èyí ni àwọn tí mo mọ̀ pé àwọn bíi tiwa ń gbà wọlé ní ìhà wa, àti bí ọjọ́ iṣẹ́ ṣe rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

*Sólà àti mini-grid.* Mini-grid ni iná kékeré tó dá dúró fún abúlé kan tàbí méjì, tí kò ju mẹ́gáwáàtì 1 lọ lábẹ́ ìlànà ọdún 2023 ti NERC, àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà. Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí wa: Gbamú-Gbamú ní Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti tan iná sólà oníkílówáàtì 85 fún ará ìlú ní 2018. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là ní Oṣù Kejìlá 2023 fún ètò DARES, èyí tí REA, àjọ tó ń rí sí iná ìgbèríko, ń darí, kí iná irú èyí lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 17. Ẹnjiníà ló ń so páànẹ́lì. Àmọ́ kí páànẹ́lì tó dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ ka ilé, ka ẹ̀rọ ìlọta, ka ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, bá baálẹ̀ àti àwọn ìyálọ́jà jókòó, kó sì mọ iye tí wọ́n lè san. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Ó nira ju bó ṣe ń dún létí lọ, nítorí tí o bá bi ará abúlé pé ṣé ó máa ra fíríìjì tí iná bá dé, bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Bí iléeṣẹ́ bá gba bẹ́ẹ̀ ni yẹn gbọ́, wọ́n á kọ́ iná tó pọ̀ ju ohun tí ìlú lè rà lọ, gbèsè á sì dé. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè iye tí wọ́n ń ná lọ́wọ́lọ́wọ́ sórí epo, àbẹ́là àti ṣíṣáájì fóònù, dípò ohun tí wọ́n ń rò pé wọ́n máa rà, ẹni ọ̀wọ́n ni.

*EIA àti àyẹ̀wò àyíká.* Láti 1992 ni òfin ti sọ pé iṣẹ́ ńlá kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ohun tó máa ṣe sí àyíká. Àwọn iléeṣẹ́ agbaninímọ̀ràn tí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Àyíká forúkọ wọn sílẹ̀ ló ń ṣe é. Bíbu omi, gbígbọ́ ariwo ẹ̀rọ, bíbá ará ìlú sọ̀rọ̀, àti ìwé kíkọ, ìwé kíkọ púpọ̀, ni ọjọ́ rẹ máa jẹ́. Fún iṣẹ́ tó tóbi, wọ́n sábà máa ń gba àpẹẹrẹ omi àti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, ìparí oṣù tó ṣíwájú àsìkò kọ̀ọ̀kan ló dára jù láti kan ilẹ̀kùn wọn; ìgbà yẹn ni wọ́n ń wá ẹni tó máa lọ sí oko iṣẹ́.

*Ìròyìn afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná àti ojúṣe iléeṣẹ́.* Ilẹ̀kùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ni, òun sì ni mo rò pé ọ̀pọ̀ yín ń fojú fò. Abala 24 nínú òfin 2021 sọ pé iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yan òṣìṣẹ́ kan tó máa mójú tó ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́, tí á sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Àjọ FRC, tó ń bójú tó ìròyìn owó àwọn iléeṣẹ́, náà ti gbé ètò kalẹ̀ pé láti 2028, àwọn iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọn kan aráàlú gbọ́dọ̀ máa gbé ìròyìn jáde lábẹ́ IFRS S1 àti S2, ìlànà àgbáyé fún irú ìròyìn yìí. Ka iye iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 láti Ìkẹjà dé Ọ̀tà, kí o sì bi ara rẹ mélòó nínú wọn ló mọ iye lítà dísẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ wọn ń mu lọ́dún. Àwọn oníṣirò owó ni wọ́n sábà ń gbé iṣẹ́ náà fún, nítorí kò sẹ́lòmíràn. Wọ́n nílò ẹni tó máa kó ìwé epo, ìwé iná àti ìwé ọkọ̀ jọ, tó máa sọ wọ́n di iye tọ́ọ̀nù afẹ́fẹ́ tí iléeṣẹ́ ń tú jáde.

*Ìjọba ìpínlẹ̀.* Òfin iná ti Oṣù Kẹfà 2023 fún ìpínlẹ̀ lágbára láti máa darí ọjà iná tirẹ̀. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tí NERC kọ́kọ́ gbé e lé lọ́wọ́ ní 2024. Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn náà ti gbà á. Àjọ tuntun túmọ̀ sí tábìlì tuntun: ẹni tó ń yẹ owó iná wò, ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà, ẹni tó ń fún ni láṣẹ. Ìgbanisíṣẹ́ ìjọba máa ń falẹ̀, nítorí náà má gbára lé e nìkan.

*Ààbò níbi iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní HSE.* Ibẹ̀ ni àwọn tó ka ìmọ̀ àyíká pọ̀ sí jù, iṣẹ́ gidi sì ni. Àmọ́ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ìwé-ẹ̀rí HSE mẹ́ta, mẹ́rin pọ̀ fún àwọn àgùnbánirọ̀ ní ibùdó wọn, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju ọjọ́ méjì lọ. Agbanisíṣẹ́ mọ̀ wọ́n. Kí o tó sanwó, pe ibi mẹ́ta tó ń gbani síṣẹ́, kí o bi wọ́n bóyá wọ́n ń ka ìwé yẹn sí.

*Ìwádìí àti ẹ̀kọ́ síwájú.* Tí ọkàn rẹ bá wà níbẹ̀, má wulẹ̀ wá owó ìwé UK nìkan. PAULESI, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ohun abẹ̀mí àti ilẹ̀-ayé ti Yunifásítì Pan-Áfíríkà, wà ní Ìbàdàn níhìn-ín, PAUWES tó jẹ́ ti omi àti agbára sì wà ní Tlemcen, lórílẹ̀-èdè Àlìjíríà; Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ń fún àwọn kan lára àwọn tí wọ́n bá mú ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. WASCAL, àjọ ìwádìí ojú-ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Jámánì ń ràn lọ́wọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ ní FUTA ní Àkúrẹ́, ní Lomé ní Tógò, àti ní Abomey-Calavi ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé láfikún ní ilẹ̀kùn mìíràn: àjọ WAPP tó ń so iná Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀, ní Kútọnu ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ sì ni BOAD, báńkì ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti báńkì ìdókòwò ECOWAS wà ní Lomé. Láti Èkó, Kútọnu kò jìnnà ju Ìbàdàn lọ títí. Èdè ló ń dá wa dúró.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* oyè másítà nínú agbára kì í sọ ènìyàn di ẹnjiníà. COREN ló ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, oyè àkọ́kọ́ rẹ ni wọ́n sì máa wò. Tí oyè àkọ́kọ́ rẹ bá jẹ́ jíọ́gíráfì tàbí kẹ́mísìrì, má kọ "Engr." síwájú orúkọ rẹ, má sì fọwọ́ sí àwòrán iná ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí lẹ́tà mẹ́rin yẹn.

*Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* o lè fi gbólóhùn kan dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi mí: "Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, màá…" Kí gbólóhùn náà ní ọ̀rọ̀ ìṣe kan àti nǹkan kan tí ojú lè rí.

Ìpele 3: Ṣe iṣẹ́ kan tí ojú lè rí

Ìpele yìí ló gba ìdajì àkókò rẹ, òun náà ló sì ya ẹni tí wọ́n ń pè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí wọn kì í pè. Ilẹ̀kùn yòówù tí o yan, àyẹ̀wò iná àti epo ilé ìtajà kan wúlò fún un. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn ni ṣọ́ọ̀bù ẹja yìnyín, nítorí fírísà kì í sinmi, ẹja kì í sì í dúró de NẸ́PÀ.

Lọ lọ́sàn-án tí ọjà dákẹ́. Má sọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́. Sọ báyìí: "Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ bá yín ṣírò iye tí epo ń gbà lọ́wọ́ yín lóṣù, kí a wò ó bóyá ó lè dínkù. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni." Tí wọ́n bá ní kí o padà wá lọ́la, padà lọ lọ́la.

Ka gbogbo ẹ̀rọ. Ká ní fírísà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tí wáàtì 200 wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ á sọ 200 di ìlọ́po mẹ́rin, á sọ ọ́ di ìlọ́po 24, á kọ yúníìtì 19 lójúmọ́ (yúníìtì kan ni wáàtì 1,000 fún wákàtí kan). Ó ti ṣìnà. Ẹ̀rọ fírísà máa ń tàn, á sì tún kú fúnra rẹ̀. Ìdí tí o fi nílò mítà kékeré yẹn nìyí. Fi mítà náà wọn fírísà kọ̀ọ̀kan fún odindi ọjọ́ kan tí iná wà. Ká ní ó jẹ́ ìdajì àkókò ló fi ń ṣiṣẹ́: wáàtì 800 á di 400, ìlọ́po wákàtí 24 sì jẹ́ yúníìtì 9.6. Fi gílóòbù àti fáànù kún un, kó jẹ́ 10.4.

Lẹ́yìn náà, epo. Má béèrè "lítà mélòó lẹ ń lò?" Béèrè "ẹ̀ẹ̀melòó lẹ rán ọmọ lọ ra epo lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ẹ̀gì wo ló gbé lọ?" Ìdáhùn méjèèjì kì í dọ́gba. Ká ní ó jẹ́ lítà 8 lójúmọ́: 240 lóṣù. Lítà bẹntiróò kan ń tú nǹkan bíi kílò 2.3 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde, ti dísẹ́ẹ̀lì jẹ́ nǹkan bíi 2.7. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn ń tú kílò 552 jáde lóṣù, ó lé ní ìdajì tọ́ọ̀nù. Èyí fún ìwé rẹ ni. Fún Màmá, náírà ni kí o kọ, ní iye tí wọ́n ń ta lítà kan lọ́jọ́ tí o lọ.

Wàyí o, sólà. Lọ sórí PVGIS, tẹ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, kí o wo oòrùn oṣù kọ̀ọ̀kan. *Má lo àròpín ọdún.* Níhà gúúsù wa, Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ ni oòrùn ń kéré jù. Òjò lè dáwọ́ dúró nínú Oṣù Kẹjọ, síbẹ̀ ìkùukùu kì í kúrò lójú ọ̀run. Ẹni tó bá fi oòrùn Oṣù Kejì ṣírò, ẹja á jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú Oṣù Kẹjọ, orúkọ rẹ ni wọ́n á sì máa pè. Ká ní oòrùn oṣù tó kéré jù tó wákàtí 4 oòrùn kíkún lójúmọ́. Mú ìdá mẹ́rin kan kúrò fún ooru, eruku àti ohun tó ń sọnù nínú wáyà. Wákàtí 3 ló ṣẹ́kù. Pín 10.4 sí 3: kílówáàtì 3.5, ìyẹn páànẹ́lì oníwáàtì 500 méje.

Bátìrì: láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dé aago méje àárọ̀ jẹ́ wákàtí 13. Ní wáàtì 400, ó jẹ́ yúníìtì 5.2. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kò yẹ kó gbẹ tán, nítorí náà pín in sí 0.8: yúníìtì 6.5. Rántí pé fírísà máa ń fa iná lọ́nà ìlọ́po bíi mélòó kan nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn. Inverter tó tó fún wáàtì 800 lórí ìwé lè kọ̀ láti gbé mẹ́rin bí wọ́n bá tàn pa pọ̀. Ẹnjiníà ló máa yan inverter. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o kọ ìkìlọ̀ yẹn sínú ìwé.

Kí o tó dá sólà lábàá, wo ohun tó rọrùn ná. Rọ́bà ẹnu ọ̀nà fírísà tó ti ya, fírísà tí wọ́n gbé sínú oòrùn, fírísà méjì tí ẹja inú wọn lè gba ọ̀kan. Nínú ọ̀kan lára àwọn àyẹ̀wò tí mo ṣe, rọ́bà mẹ́ta àti gbígbé fírísà kúrò lẹ́bàá ògiri ló dín epo kù kí a tó dárúkọ páànẹ́lì rárá. Inú ìyá yẹn dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ aláṣọ àti alágbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé méjì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tí mo bá níbẹ̀, ohun tó ń jẹ lóṣù, ohun tí wọ́n lè ṣe láìná púpọ̀, ohun tí sólà máa gbà, ohun tí kò dá mi lójú. Má fojú di ìlà ìkẹyìn yẹn. Òun ni ọ̀gá tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ kà. Yọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù kúrò àfi tí wọ́n bá fún ọ láyè.

*Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* nǹkan méjì. Màmá lè tún un sọ fún ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá láìwo ìwé. Ẹnjiníà kan tí o fi ìṣirò hàn lè rí ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti wá, kódà bí kò bá fara mọ́ ọn.

Ìpele 4: Kọ CV olójú ìwé kan

Ìpele yìí kò gba àkókò tí o bá ti ṣe èyí tó ṣáájú. Fi gbólóhùn "láàárọ̀ ọjọ́ Ajé" sókè pátápátá. Àyẹ̀wò tí o ṣe ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú nọ́ńbà: "Mo ka fírísà mẹ́rin, mo fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún odindi ọjọ́ kan, mo rí i pé lítà epo 240 ló ń lọ lóṣù." Ìwé-ẹ̀rí rẹ wá lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* kíkọ orúkọ ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọn kò lò rí. Tí o bá kọ HOMER tàbí PVsyst, tí wọ́n fi ń ṣírò sólà, wọ́n lè ṣí i síwájú rẹ.

*Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* fún ẹnì kan ní CV náà fún ìṣẹ́jú kan, gbà á padà, kí o bi í léèrè iṣẹ́ tí o ń ṣe. Tó bá ní "ó kàwé gan-an," tún un kọ.

Ìpele 5: Sún mọ́ ibi tí iṣẹ́ wà

Tí NYSC bá ṣì wà níwájú rẹ, má jókòó dúró de ibi tí wọ́n máa fi ọ́ sí. Ilé-ìwé ni wọ́n ń rán ọ̀pọ̀ àgùnbánirọ̀ lọ láti máa kọ́ni. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ni kí o ti wá iléeṣẹ́ tó máa kọ lẹ́tà pé àwọn ń béèrè fún ọ. Tí ilé-ìwé náà ni wọ́n rán ọ lọ, ilé-ìwé ní jẹnẹrétọ̀, ó ní gílóòbù, ó ní ọ̀gá tó ń kùn nípa owó iná. Fi àyẹ̀wò iná ilé-ìwé yẹn ṣe iṣẹ́ CDS rẹ (iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí àgùnbánirọ̀ ń ṣe), kí o sì gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kí o tó kúrò.

Tí NYSC ti kọjá, kọ orúkọ ibi ogún péré. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wá orúkọ ẹni tó ń darí ẹ̀ka náà, kì í ṣe ti ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́. Lẹ́tà rẹ kò gbọdọ̀ ju ìlà mẹ́fà lọ, kí ojú ìwé méjì rẹ sì wà nínú rẹ̀. Má sọ pé o ń wá iṣẹ́ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tọ́ka sí àṣìṣe tó wà nínú ìṣirò rẹ. Àgbà kì í fẹ́ fi ìtọ́sọ́nà du ọmọdé tó ti gbìyànjú. Tí ẹni náà bá dáhùn, dúpẹ́, tún un ṣe, kí o fi èyí tí o tún ṣe ránṣẹ́ padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Inú lẹ́tà kejì yẹn ni kí o ti béèrè bóyá àyè ìkọ́ṣẹ́ wà.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* ìkọ́ṣẹ́ tí kò ní owó, tí kò sì ní òpin. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: oṣù mélòó, ta ló máa kọ́ ọ, kí ni wàá ti mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tó bá parí. Ibi tí wọ́n bá kọ̀ láti kọ owó ọkọ̀ pàápàá sílẹ̀, tí wọ́n sì ní kí o kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, jáde. Mo ti pàdánù oṣù mẹ́rin síbi tó rí bẹ́ẹ̀, n kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

*Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* nínú ogún, ó kéré tán mẹ́ta dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tí kò bá sí ẹyọ kan, ojú ìwé méjì rẹ ló ní àléébù. Padà sí Ìpele 3, kí o fi hàn ẹnjiníà mìíràn. Tí wọ́n bá dáhùn àmọ́ tí wọn kò pè ọ́, CV ni. Padà sí Ìpele 4.

Ìpele 6: Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Gbé ìwé àyẹ̀wò rẹ lọ ní ẹ̀dà mẹ́ta. Wọ́n máa bi ọ́ ní nǹkan kan tí o kò mọ̀, paápàá tí ẹnjiníà bá wà lórí ìjókòó. Sọ pé o kò mọ̀ ọ́n, kí o sọ ibi tí wàá ti wá a àti ẹni tí wàá bi. Mú òfin kan tó kan iléeṣẹ́ wọn gan-an dání lọ́kàn: tí òṣìṣẹ́ wọn bá tó 50, Abala 24 òfin ojú-ọjọ́ kàn wọ́n. Fi ìrẹ̀lẹ̀ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ló ń bójú tó ìròyìn yẹn fún yín báyìí?" Ní ọ́fíìsì méjì tí mo ti béèrè rẹ̀, wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló gbà mí síṣẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bóyá iṣẹ́ ti dé tàbí kò tíì dé, padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹja yẹn. Béèrè ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n rán ọmọ lọ ra epo lọ́sẹ̀ náà, kí o sì kọ nọ́ńbà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Tí epo kò bá dínkù, wá ìdí rẹ̀, kí o kọ ìyẹn náà sílẹ̀.